Yíya Àwọn Ẹranko Kéékèèké: Ìbéèrè Tí Àwọn Olùbẹ̀rẹ̀ Kì Í Yé Bèèrè

Ṣé ẹni tí kò ní ẹ̀bùn lè kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ẹranko?

Ó lè kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn sì rí i kà, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ràn tó láti ya òròmọdìẹ. Ojú ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù.

Ohun tó ń ṣe olùbẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tó mọ̀ nípa ẹranko ló máa ń yà, kì í ṣe ohun tó ń rí. Ó mọ̀ pé ológbò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ló bá ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ méjì péré ló hàn níbi tí ológbò náà kákò sí. Àṣìṣe kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ń bá wí.

Kí ni mo máa rà?

Pẹ́ńsù mẹ́ta (HB, 2B, 6B), èrésà funfun kan tó rọ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní kilínà, àti bíléèdì tí ẹ ó fi máa gbẹ́ pẹ́ńsù. Èrésà tó máa ń wà nídìí pẹ́ńsù kò dára, ó máa ń ha ìwé lára ni. Ìwé A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, oní-80 gíráàmù, tó fún ìdánrawò. Bí ẹ bá fẹ́ ya èyí tí ẹ máa fi kọ́ ara ògiri, ẹ wá èyí tó nípọn, 120 sí 160 gíráàmù, tí ojú rẹ̀ kò dán. Ìwé tó ń dán kì í gba pẹ́ńsù, ṣe ló máa ń yọ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ má tíì ra páálí pẹ́ńsù mẹ́rìnlélógún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ kò ní fọwọ́ kàn.

Kí ni ìyàtọ̀ HB, 2B àti 6B?

Gíráfáìtì àti amọ̀ tí a pò pọ̀ ló wà nínú pẹ́ńsù. Èyí tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń le, ìlà rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀. Èyí tí gíráfáìtì pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rọ̀, ìlà rẹ̀ a sì dúdú. H dúró fún líle, B fún dúdú. Bí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ B bá ṣe ń ga sí i ni dúdú rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

HB ni kí ẹ fi ṣe ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ máa pa rẹ́. 2B ni ti ìlà tó máa dúró. 6B wà fún ibi tó dúdú jù lọ nìkan: ọmọlójú, inú ihò imú, abẹ́ ikùn níbi tó ti kan ilẹ̀. Ẹni tó bá fi 6B bẹ̀rẹ̀ tàbí tó tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ jù ti gbẹ́ kòtò sójú ìwé nìyẹn, èrésà kò sì lè dí kòtò.

Ẹranko wo ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀?

Ìgbín, ọ̀pọ̀lọ́ àti òròmọdìẹ. Ìgbín kì í sáré, kò lẹ́sẹ̀, kò nírun. Ọ̀pọ̀lọ́ lè jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara rẹ̀ tó rí kùrùkùrù náà sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ara òròmọdìẹ kò ju róbótó méjì lọ. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ó kan alángbá àti ẹyẹlé.

Ẹ fi ológbò àti ehoro sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Irun bo eegun wọn, kò sì rọrùn láti mọ ibi tí itan ti parí tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ológbò sì tún ti mọ́ wa lára jù: bí ẹ bá gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí kò yàwòrán rí láyé rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan kù.

Báwo ni mo ṣe máa ya òròmọdìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ mú HB, kí ẹ dì í mú jìnnà sí ẹnu rẹ̀ kí ọwọ́ yín má baà wúwo. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, tó fi hàn bóyá ó nàró ni tàbí ó tẹ̀ síwájú. Ẹ ya ara rẹ̀ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀ lórí ìlà náà, kí ibi tó fẹ̀ wà ní àyà. Ẹ wá ya orí róbótó sókè. Orí òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin tóbi, ó tó ìdajì gígùn ara rẹ̀, ọrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí róbótó méjèèjì wọnú ara wọn díẹ̀.

Àgógó jẹ́ onígun mẹ́ta kékeré. Ẹ má fi sókè orí, ẹ má sì fi sí ìsàlẹ̀: àárín iwájú orí ni ipò rẹ̀. Ojú wà lókè ibi tí àgógó ti pín, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Ẹ fa ìlà òòró kan láti àárín gbogbo ẹran ara rẹ̀, orí pẹ̀lú, kó já sílẹ̀. Ibi tí ìlà yẹn bá ti kan ilẹ̀ ni ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wà lẹ́yìn ìlà náà, òròmọdìẹ yín á dà bí ẹni tó fẹ́ dojú bolẹ̀. Ìka mẹ́ta lọ síwájú, ọ̀kan lọ sẹ́yìn.

Ẹ pa àwọn ìlà inú rẹ́, kí ẹ wá fi 2B tò ó. Ẹ má fa ìlà gbọọrọ kan yí i ká bí ẹni ń ya ife. Ìlà kúkurú kúkurú, tó ń já tó ń so, ni yóò jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí òwú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé orí kò tóbi jù fún ara?

Ẹ fi pẹ́ńsù wọ̀n ọ́n. Ẹ na apá gbọọrọ láìtẹ ìgúnpá, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi orí pẹ́ńsù sí igun orí ẹranko náà, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí orí náà parí. Ìwọ̀n yẹn ni ẹ ó fi ka ara: ara tó orí mélòó? Ìrù ńkọ́? Bí apá bá tẹ̀ nígbà kan tó sì nà nígbà mìíràn, ìwọ̀n náà ti bàjẹ́.

Alángbá ló máa ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n yìí jù. Ìrù rẹ̀ gùn ju orí àti ara rẹ̀ lápapọ̀ lọ, àmọ́ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń ti orí bẹ̀rẹ̀, tí ìwé bá wá tán, a fi ìrù kúkurú parí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí ibi tí imú àti ṣóńṣó ìrù máa wà lójú ìwé, kí ẹ tó ya ohunkóhun sáàárín wọn.

Bí ẹ bá parí, ẹ dorí ìwé náà kodò kí ẹ wò ó, tàbí kí ẹ wò ó nínú dígí. Ohun tó wọ́ á yọjú lójú ẹsẹ̀.

Ẹranko kì í dúró jẹ́ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ya ọ̀kan, ẹ ya mẹ́fà. Ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́fà. Bí adìẹ bá ti yí padà, ẹ fi èyí tí ẹ ń yà sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹranko kì í ní ju ìdúró díẹ̀ lọ tó máa ń padà sí: adìẹ tó ń ṣa oúnjẹ á tún ṣà á, alángbá tó mi orí á tún mi orí. Bó bá ti padà sí ìdúró àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà ẹ padà síbẹ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn, orí, ibi tí ìwúwo dúró sí, ó tán. Èyí tí kò bá ní ìka ẹsẹ̀ kò burú.

Ẹ tún mọ àkókò tí wọ́n máa ń sinmi. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀ á wà lábẹ́ òjìji, ológbò á ti sùn. Kòkòrò tó ti kú, tó sì gbẹ, kò ní sá fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè wo fọ́tò yà?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ya fọ́tò náà bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sún fóònù mọ́ ojú ehoro, imú rẹ̀ á wú, etí rẹ̀ á kéré, ẹ̀yin náà á sì ya àṣìṣe kámẹ́rà. Ẹ dúró jìnnà tó mítà kan sí méjì, kí ẹ fà á súnmọ́ lójú fóònù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí ojú ẹranko wà. Ẹ pa fíláàṣì, nítorí pé ó máa ń jẹ òjìji run, òjìji ló sì ń fi hàn pé nǹkan nípọn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ tó ti ẹ̀gbẹ́ wọlé ló dára jù.

Ṣé ìwà ọ̀lẹ ni kéèyàn gbé ìwé lé fọ́tò kó sì tọ ìlà rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ìlà ẹ̀yìn ara nìkan lẹ tọ̀, ẹ kò kọ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń wá ibi tí èjìká, ìbàdí àti orúnkún wà lórí fọ́tò náà, tí ẹ ń fi àmì sí wọn, tí ẹ sì ń so wọ́n pọ̀, ẹ̀kọ́ gidi ni.

Kí ló dé tí ìgbín mi kò jọ ìgbín tí a ń jẹ?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbín inú ìwé ọmọdé tó ti òkè òkun wá ni ẹ ń yà, èyí tí ìkarahun rẹ̀ róbótó, tó ká bí okùn tí a wé. Ìkarahun ìgbín tiwa gùn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn.

Ẹ ya ẹyin tó ní ṣóńṣó, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ kí ṣóńṣó náà kọjú sẹ́yìn. Ìká tó kẹ́yìn, èyí tó sún mọ́ ẹnu, gba ju ìdajì gígùn ìkarahun lọ. Àwọn yòókù á máa kéré kíákíá títí dé ṣóńṣó. Ẹ fa ìlà wọn ní dídagun, kí wọ́n máa súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé ìkarahun náà dúró, kí ṣóńṣó wà lókè, kí ẹnu sì kọjú sí yín, apá ọ̀tún ni ẹnu máa wà. Tí tiyín bá wà lósì, ẹ ti yí i padà láìmọ̀.

Ìwo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Méjì òkè gùn, ṣóńṣó wọn ni ojú wà. Méjì ìsàlẹ̀ kúrú, wọ́n sì wà nítòsí ẹnu. Ìgbín tó bá ní ojú níwájú orí bí èèyàn, ti eré ọmọdé ni.

Ṣé lóòótọ́ ni orúnkún ẹyẹ tẹ̀ sẹ́yìn?

Rárá o. Ohun tí ẹ rí tó tẹ̀ sẹ́yìn yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, ìyẹ́ bò ó, iwájú ló sì tẹ̀ sí bíi tiwa. Ìka ni ẹyẹ fi ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lófuurufú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ológbò, ajá àti ewúrẹ́. Ẹ ronú nípa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí lẹ́tà Z: itan lọ síwájú, ojúgun padà sẹ́yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀ síwájú. Ehoro tó jókòó yàtọ̀: ó tẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìka, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó wọ bàtà tó gùn jù fún un.

Ẹ ka ìka kí ẹ tó yà wọ́n. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀lọ́ ní mẹ́rin, tẹ̀yìn ní márùn-ún. Ti alángbá jẹ́ márùn-ún níbi gbogbo, ìka kẹrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì gùn jù. Ológbò ní márùn-ún níwájú, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ń tẹ ilẹ̀. Ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́rin.

Ibo ni ẹsẹ̀ kòkòrò ti yọ?

Ara kòkòrò pín sí mẹ́ta: orí, àyà, ikùn. Àyà ni ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti yọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ labalábá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùbẹ̀rẹ̀ máa ń há ẹsẹ̀ ká gbogbo ara bí ẹni ń pín ẹran ìyàwó, títí dórí ikùn. Alántakùn kì í ṣe ara wọn: ara rẹ̀ pín sí méjì, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo wọn láti ara apá iwájú, kò sì ní ìwo.

Kí ló dé tí ojú ẹranko mi dà bí òkú?

Nítorí pé ẹ kùn ún dúdú tán. Ẹ fi ibi kékeré kan sílẹ̀ ní funfun, ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Bí ojú méjèèjì bá hàn, kí funfun náà wà ní ìhà kan náà nínú méjèèjì. Ẹ kun òkè ẹyinjú díẹ̀ sí i, torí pé ìpéǹpéjú máa ń ju òjìji sí i.

Ọmọlójú kì í rí bákan náà. Ti ewúrẹ́ àti ọ̀pọ̀lọ́ nà ní ìbú. Ti ológbò jẹ́ ìlà òòró nínú oòrùn, ó sì máa ń di róbótó bí ilẹ̀ bá ṣú. Ti ọmọńlé náà jẹ́ òòró, kò sì ní ìpéǹpéjú tó ń pàdé. Ti adìẹ róbótó. Bí ẹ bá fi ọmọlójú róbótó sójú ewúrẹ́, ojú èèyàn ni yóò dà.

Ṣé gbogbo irun ni mo máa yà lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ẹ má dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ kun ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ ní pẹlẹbẹ, láìsí irun kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irun sí ibi méjì péré: ẹ̀gbẹ́ ara, àti ibi tí òjìji ti pàdé ìmọ́lẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó á fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀. Ẹ fa irun láti ìdí rẹ̀ lọ sí ṣóńṣó, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò bó ṣe ń parí. Ìhà ibi tí irun ń sùn sí ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ: láti imú lọ sí ìrù, kúkurú lójú àti lẹ́sẹ̀, gígùn níkùn.

Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, ya ehoro ìgbẹ́ kan lọ́dún 1502 tó wà ní ilé ìkóǹkansí Albertina ní Vienna títí dòní. Ó tẹ́ àwọ̀ olómi sílẹ̀ ná, kó tó fa irun dúdú àti funfun tín-ín-rín lé e. Ètò kan náà ni ti pẹ́ńsù.

Fún irun funfun bíi ti ẹnu ológbò, ẹ mú bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ, kí ẹ fi fa ìlà sójú ìwé kí ẹ tó kùn ún. Pẹ́ńsù á fo inú kòtò yẹn, irun funfun á sì yọ.

Báwo ni mo ṣe máa to pátákó ẹ̀yìn ahun láìdàrú?

Ẹ ya márùn-ún tó wà láàárín ẹ̀yìn ná, láti ọrùn dé ìrù. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Mẹ́tàlá ńlá nìyẹn. Àwọn kéékèèké tó yí etí ká ló máa kẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ta bí igbá, nítorí náà èyí tó bá sún mọ́ etí á tín-ínrín lójú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ̀.

Ẹranko tó kọjú sí mi tààrà máa ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Èyí le, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ọ̀pọ̀lọ́ tó kọjú sí yín, orí rẹ̀ á tóbi ju ara lọ, ikùn á kàn yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọpọlọ yín á sì máa sọ pé ara gbọ́dọ̀ gùn, ẹ ó sì máa nà án.

Ẹ ya róbótó iwájú tán pátápátá, kí ẹ tó ya tẹ̀yìn, kí tẹ̀yìn sì farapamọ́ sí i lẹ́yìn. Ẹ wá wo àlàfo: irú ààyè wo ló wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì? Ṣé onígun mẹ́ta ni? Ẹ ya ààyè yẹn bí ẹni pé òun ni ẹranko náà. Ọpọlọ kò ní orúkọ fún àlàfo, ìdí nìyẹn tí kò fi lè parọ́ fún yín nípa rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa fi àwọ̀ sí alángbá akọ?

Orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ara rẹ̀ búlúù tó ṣókùnkùn. Abo àti ọmọ kì í ní àwọ̀ yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n jọ. Pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀, ẹ ti orí èyí tó mọ́lẹ̀ lọ sí èyí tó dúdú: yẹ́lò, lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà pupa díẹ̀ níbi òjìji. Ẹ má fi dúdú ṣe òjìji orí rẹ̀, á dọ̀tí ni. Búlúù ara rẹ̀ tàbí àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló dára níbẹ̀.

Ṣé kí n máa yà á bó ṣe rí, àbí bí ti adìrẹ?

Àwọn méjèèjì. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ti ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ẹyẹ àti alángbá sára aṣọ. Láti òkè ni wọ́n máa ń wo alángbá, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè hàn. Láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń wo ẹyẹ, kí àgógó lè hàn. Wọ́n yan ibi tí ẹranko náà ti jọ ara rẹ̀ jù.

Àmọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò lè mọ ohun tó yẹ kó yọ kúrò. Ẹ ya alángbá bó ṣe rí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá gbìyànjú láti fi ìlà mẹ́wàá péré yà á. Bí ọmọdé bá dá a mọ̀, ó dára.

Ìgbà wo ni mo lè yà á láti inú orí?

Nígbà tí ẹ bá ti wo ẹranko kan yà láti iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn àti òkè. Ẹ wá kó gbogbo ìwé náà pamọ́, kí ẹ yà á láìwo nǹkan kan. Tí ẹ bá tán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi bírò pupa yí ibi tí ẹ méfò sí ká. Ibi tí pupa bá pọ̀ sí jù, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàbí ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, òun nìkan ni kí ẹ fi kún ojú ìwé kan nígbà tí ẹ bá tún jókòó.